Kí ló mú kí Pseudopus apodus jẹ́ alángbá, tí kì í ṣe ejò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹranko. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Yaba, wọ́n sì ti fi ìbéèrè ká mi mọ́ lórí Pseudopus apodus, alángbá aláìlẹ́sẹ̀ tí Pallas, onímọ̀ nípa ẹranko, fún lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1775. Kò sí nílẹ̀ wa. Láti gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù dé àárín Éṣíà ló ń gbé.

Èyí tí mo ti sọ fún wọn nìyí. Ó ní ìpéǹpéjú, ó ń ṣẹ́jú. Ejò kì í ṣẹ́jú láéláé. Ihò etí rẹ̀ hàn síta. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di kùkùté kínńkín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí. Ó lè gùn ju mítà kan lọ, ìrù ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìrù ejò kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jẹ ìgbín (àwa ará Èkó kò ní bá a jà sí ìyẹn).

Ibi tó ti lọ́jú pọ̀ rèé: àwọn onímọ̀ jíìnì ní inú ẹbí alángbá ni ejò fúnra rẹ̀ ti jáde, àti pé Anguidae, ìdílé Pseudopus, sún mọ́ ejò ju bó ṣe sún mọ́ ọmọ́nlé ara ògiri wa lọ. Ṣé ó wá tọ́ kí n ṣì máa pín wọn sí alángbá lọ́tọ̀, ejò lọ́tọ̀? Mo ti ṣèlérí ìdáhùn fún Mọ́ńdè. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ tó ń múra WAEC?