Ṣé ó yẹ kí a máa fún wàrà abo màlúù títí yóò fi bí?

Olùsìn Ìṣẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abo màlúù mẹ́rin ni mo ní, àdàlù Friesian, màlúù oníwàrà ti ilẹ̀ Yúróòpù, àti màlúù funfun ti àwọn Fúlàní. Nígbà tí èyí tó lówó lórí jù nínú wọn lóyún, lítà 5 ṣì ń jáde lára rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn oníwàrà sì ń dúró dè mí láàárọ̀, nítorí náà n kò dáwọ́ dúró títí ó fi ku ọjọ́ 9 kó bí. Ó bí wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n wàrà tó kọ́kọ́ jáde kò ki, kò sì pọ́n bí ó ṣe máa ń pọ́n. Láti ìgbà náà, lítà 8 ni ó pọ̀ jù tí mo rí, nígbà tó jẹ́ pé 11 ló ń fún mi lẹ́yìn ìbímọ ti tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kò yí padà, kò sì ṣàìsàn. Kí ni mo ṣe?

Dókítà Ẹran:
Ẹ kú ìrọ́jú, ọ̀gá. Wàrà tí kò ki yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Nǹkan bí ọjọ́ 280 ni màlúù fi ń lóyún, nǹkan bí 60 tó gbẹ̀yìn ni a sì máa ń fi ọmú rẹ̀ sílẹ̀ láìfún. Ọmú kò sùn ní àkókò yẹn o: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ń kúrò, tuntun ń rọ́pò wọn, àwọn èròjà tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ àrùn sì ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá wọ inú wàrà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ti ń kó o lọ sọ́jà díẹ̀díẹ̀.

Ìwádìí kan jáde ní Tennessee, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1965, lórí àwọn ìbejì màlúù tí wọ́n jọra délẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan sinmi fún ọjọ́ 60, wọ́n ń fún wàrà ìkejì lọ láìdúró. Nígbà tí wọ́n bí, wàrà èyí tí kò sinmi jẹ́ nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ti ìbejì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún bí, ó wálẹ̀ sí 62. Lítà 8 nínú 11 tiyín kò jìnnà sí i. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn mìíràn dán an wò lára màlúù kan ṣoṣo: wọ́n fún ìhà kan ọmú rẹ̀, wọ́n fi ìhà kejì sílẹ̀. Ìhà tó sinmi ló fún wọn ní wàrà jù, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ló ń jẹun fún ìhà méjèèjì. Ẹ má dá oúnjẹ lẹ́bi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Devon:
Òótọ́ ni Dókítà sọ, ṣùgbọ́n 60 yẹn kì í ṣe òfin. Ní oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fún èyí tó ti bí lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bí lẹ́ẹ̀kan, tí òun náà ṣì ń dàgbà, la ń fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ti ẹgbọ̀rọ̀ tí kò tíì bí rí tún yàtọ̀. Bí ọmú rẹ̀ bá wú tó le gbandi, tí wàrà ń kán sílẹ̀ kó tó bí, a máa ń fún un kí ara lè tù ú, ṣùgbọ́n wàrà àkọ́kọ́ ti ìyá mìíràn ti gbọ́dọ̀ wà nínú fírísà, kí ọmọ lè mu ún láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i.

Ọmọ Gáà:
Àwọn bàbá wa kì í ka ọjọ́, torí pé màlúù funfun fúnra rẹ̀ máa ń gbẹ kí oyún tó gbó. Ẹ̀jẹ̀ Friesian ni kò jẹ́ kí tiyín gbẹ. Ẹ dín ọkà rẹ̀ kù, kí ẹ dáwọ́ fífún dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì máa tẹ ọmú rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Títẹ̀ yẹn ló ń pe wàrà padà.

Dókítà Ẹran:
Kí ẹ tó dáwọ́ dúró, ẹ pe oníṣègùn kó yẹ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, nítorí pé kòkòrò àrùn máa ń ráyè wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a kò bá fún un mọ́.

Olùsìn Ìṣẹ́yìn:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó tún ti lóyún, nǹkan bí ọjọ́ 75 ló kù. Mo ti sọ fún àwọn oníwàrà pé láti ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù ni tiwọn yóò ti máa wá.