Kí ni a fi ń dá ọ́ìlì fíltà tó dára mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò dára?

Awakọ̀ Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde ẹ́ńjìnnì. Camry ọdún 2005, ẹ́ńjìnnì 2.4, ni mo ń wà. Tókunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ní gbogbo kìlómítà 5,000 ni mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀, ìyẹn agolo tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì, n kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni mo ń bá pàdé láti ilé dé ibi iṣẹ́.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ wọn kẹ́yìn, bí mo bá sítáàtì ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì a dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, iná pupa ọ́ìlì a sì pẹ́ kí ó tó kú, lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo yóò rọlẹ̀. Bí mo bá pa á lọ́sàn-án tí mo sì tún sítáàtì rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kì í dún rárá. Ọ́ìlì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni mo lò. Fíltà nìkan ni mo yí padà, torí pé irú èyí tí mo máa ń rà kò sí lọ́jà lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó ta òmíràn fún mi sì sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan, pé bébà ni gbogbo wọn ní nínú.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá ra oríṣi mẹ́ta, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà kéèkì. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù wọn gíráàmù 205, èyí tí ó wà láàárín wọn 270, èyí tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wà lára rẹ̀ sì wọn 245. Ẹ rí i pé èyí tó wọ́n jù kọ́ ló wúwo jù. Kí ni ó yẹ kí n máa wò gan-an? Ṣé ènìyàn lè mọ èyí tó dára láìjẹ́ pé ó gé e?

Mẹkáníìkì Òṣogbo

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹ ti ní òwúrọ̀ nìkan ni ariwo náà ń wáyé, ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí rọ́bà tí ó wà lẹ́yìn àwọn ihò kéékèèké tí ó yí ẹnu fíltà ká. Àwọn ihò wọ̀nyẹn ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Yóò la bébà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ òde wá sí àárín, yóò sì gba ihò ńlá àárín jáde lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà náà bo àwọn ihò kéékèèké yẹn láti inú: bí pọ́ǹpù bá ti ọ́ìlì wá, á gbà á láyè, bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú, á padé kí ọ́ìlì má baà ṣàn padà sínú sọ́ńpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí fíltà bá ti dorí kodò, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, iṣẹ́ rọ́bà yìí kò pọ̀, nítorí pé ọ́ìlì yóò dúró sínú rẹ̀ bí omi ṣe ń dúró sínú ife. Àmọ́ níbi tí ó bá ti dùbúlẹ̀ bíi ti ọkọ̀ yín, bí rọ́bà kò bá padé dáadáa, fíltà yóò sófo mọ́jú, pọ́ǹpù yóò sì ní láti kọ́kọ́ kún un kí ọ́ìlì tó gòkè dé ọ̀dọ̀ kámúṣáàfù, irin tó ń yí lókè tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yín ń bá lọ, ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, irin sì ń fi ara gbo irin ní àkókò náà.

Ẹ lè dán an wò. Ẹ pa ọkọ̀ mọ́jú, kí ẹ sì tú fíltà náà ní òwúrọ̀ láìtíì sítáàtì. Bí ó bá wúwo tí ọ́ìlì sì ń dà lára rẹ̀, rọ́bà ṣiṣẹ́. Bí ó bá jáde ní fúyẹ́fúyẹ́, ẹ ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe rọ́bà náà, méjì ló wọ́pọ̀. Nitrile máa ń dúdú, ooru sì máa ń mú un gan díẹ̀díẹ̀. Sílíkónì máa ń pupa tàbí kí ó ní àwọ̀ ọsàn, ó sì máa ń rọ̀ pẹ́ nínú ooru. Pupa ni èmi máa ń yàn.

Onímọ̀-ẹ̀rọ Ṣágámù

Mo bá ọ̀gá Òṣogbo lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àyàfi ti àwọ̀ yẹn. Ẹni tí ó ń ṣe àyédèrú lè po àwọ̀ pupa mọ́ rọ́bà tí kò níláárí, nitrile tó dára sì tó fún kìlómítà 5,000 tí ẹ̀gbọ́n ń lò. Ẹ fi ìka kékeré tàbí igi ìtayín tẹ̀ ẹ́ láti ojú ihò: kí ó rọ̀, kí ó sì padà sí àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń ṣe gan-an-gan bí awọ gbígbẹ nígbà tí ó ṣì wà ní tuntun, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Jẹnẹrétọ̀ díísù ni mo ń tọ́jú ní ilé iṣẹ́ tí mo wà, èmi fúnra mi ni mo sì ń gé gbogbo fíltà tí a bá yọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú wọn ṣe rí. Lẹ́yìn rọ́bà, ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni fáàfù àbùjá. Bí ọ́ìlì bá tutù tí ó sì ki, tàbí bí bébà bá ti dí, fáàfù yìí á ṣí kí ọ́ìlì lè kọjá láìgba inú bébà, nítorí pé ọ́ìlì tó dọ̀tí sàn fún ẹ́ńjìnnì ju kí ó má rí ọ́ìlì rárá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíltà, nǹkan bíi psi 8 sí 16 (psi ni a fi ń wọn agbára ìtì, bíi ti afẹ́fẹ́ táyà) ni ìyàtọ̀ agbára ìtì tí ó ń ṣí i. Bí sípíríǹgì rẹ̀ bá rọ̀ jù, yóò máa ṣí nígbà gbogbo, ọ́ìlì tí a kò sẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yín yóò sì máa mu lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí fáàfù yìí wà lára ẹ́ńjìnnì wọn, tí fíltà wọn kò sì nílò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi tọ́ kí a gbé fíltà tí ẹnu rẹ̀ kàn bá ẹ́ńjìnnì mu lọ́, kí a má wo nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀.

Bébà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gùn. Èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n jẹ́ òwú igi, tí fọ́nrán rẹ̀ tóbi tí ó sì kéré láìdọ́gba. Èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì tàbí ike ṣe dọ́gba, ó tínrín, ó sì lè gba ìdọ̀tí púpọ̀ kí ó tó dí. Wọ́n sì ń po méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá kọ 99% sára páálí, ẹ bi wọ́n pé ti kí ni? Ẹ̀gbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo, irun orí wa sì nípọn tó nǹkan bíi 70. Fíltà tí ó ń mú 99% nínú èérún tí ó tó máíkírọ́ọ̀nù 20 kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ó ń mú 99% nínú èyí tí ó tó 40, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n kọ sára wọn gàdàgbà-gadagba. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 4548-12 ni wọ́n fi ń dán an wò: wọ́n á da eruku tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ọ́ìlì, wọ́n á máa darí rẹ̀ gba inú fíltà léraléra, wọ́n á sì ka èérún tó wà nínú rẹ̀ kí ó tó wọlé àti lẹ́yìn tó jáde. Bí 75 bá wọlé tí ẹyọ kan péré sì jáde, 98.7% nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tí kò bá kọ ìwọ̀n èérún mọ́ ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò tíì sọ ohunkóhun fún yín.

Síbẹ̀, bébà tó dára jù láyé kò wúlò bí wọn kò bá dì í dáadáa. Ẹ wo ojú ibi tí ìpẹ̀kun bébà méjèèjì ti pàdé. Àwọn kan fi irin pẹlẹbẹ há a, àwọn mìíràn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, èyí tó dára wà nínú méjèèjì. Mo ti gé ọ̀kan rí tí gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ti tú, tí ó ya ẹnu tó fífẹ̀ èékánná mi. Bí ihò bẹ́ẹ̀ bá ti wà, ọ́ìlì kò ní da ara rẹ̀ láàmú láti gba inú bébà mọ́.

Alápáàtì Agódi

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Ọjà yìí ni mo ń tà, ó sì ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ wa kan sọ fún oníbàárà pé kò sí ìyàtọ̀. Ó wà. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbọn fíltà náà sí etí yín. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ń mì kàlákàlá, sípíríǹgì tí ó yẹ kí ó tì í mọ́ ẹnu agolo kò lágbára tó. Ẹ tan iná fóònù sínú ihò àárín, kí ẹ wo páìpù irin tàbí ike oníhò tó gbé bébà dúró: kí ihò ara rẹ̀ ṣí dáadáa. Nínú àwọn àyédèrú kan, wọ́n kàn fi ẹ̀rọ ya irin náà ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí, ọ̀nà tí ọ́ìlì ìbá gbà sì ti há gágá. Ẹ fi ìka yí ojú ibi tí a ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí èérún irin bá bá ìka yín jáde, ẹ má rà á, torí pé inú ẹ́ńjìnnì ni yóò gbà lọ tààrà láìgba inú bébà kankan.

Ti owó náà ń kọ́? Mo ní èyí tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lára tí ó sì dára, mo sì ń tà á ní ìdajì owó. Orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí ni àwọn aláyédèrú kọ́kọ́ ń jí, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan.

Mẹkáníìkì Òṣogbo

Ìyá mi, ẹ ṣeun, èyí tí ẹ fi iná fóònù wò yẹn wúlò gan-an. Ọ̀gá Ṣágámù, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, n óò máa tẹ̀ ẹ́ wò báyìí kí n tó lọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ má ṣe lo ayùn irin, nítorí èérún ayùn náà yóò dà sórí bébà, ẹ ó sì rò pé ẹ́ńjìnnì yín ló ń jẹ ara rẹ̀. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé páìpù, irú èyí tí ó ń yí po, tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún fíltà gan-an ni kí ẹ wá.

Awakọ̀ Bódìjà

Mo ti padà dé, ẹ kú àdúrótì mi. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo tú fíltà náà láìtíì sítáàtì. Ọ́ìlì tó dà jáde kò kún ìdajì ife tíì. Mo yá ọ̀bẹ ayípo lọ́wọ́ onípáìpù àdúgbò wa, mo gé e lẹ́bàá ẹnu, mo sì tẹ́ ohun gbogbo sórí ìwé ìròyìn.

Rọ́bà rẹ̀ dúdú, ó sì gan. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò ká etí rẹ̀, kò padà sí bí ó ṣe wà, ṣe ló dúró ní wíwọ́ síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ kò sì kan irin rárá. Fíltà tí kò tíì pé oṣù méjì nìyí. Orí àti ìdí bébà rẹ̀ jẹ́ páálí, mo sì ka ìṣẹ́po mọ́kàndínlógójì, èyí tí mẹ́fà nínú wọn ti para pọ̀ sójú kan bí aṣọ tí a kò tò dáadáa, tí àlàfo fífẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo wá gé èyí tí ó wọn gíráàmù 245 láìlò ó, nítorí pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, mo ká a lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ń padà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìṣẹ́po rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta, ó sì dọ́gba yípo.

Èyí tó wà láàárín, tí ó wọn 270, ni mo lọ́ mọ́ ọkọ̀, lẹ́yìn tí mo ti tẹ rọ́bà rẹ̀, tí mo gbọ̀n ọ́n, tí mo sì fi iná fóònù wo inú rẹ̀. Mo fi ọ́ìlì pa rọ́bà ẹnu rẹ̀, mo sì rí i dájú pé ti àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Òwúrọ̀ mẹ́rin ti kọjá báyìí tí kò dún.

Onímọ̀-ẹ̀rọ Ṣágámù

Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá sọ ọ́. Iye ìṣẹ́po nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́, torí bébà tí ó jinlẹ̀ lè ní ìṣẹ́po díẹ̀ kí ó sì ní ojú púpọ̀. Ẹ gé gọ́ọ̀mù bébà méjèèjì, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi téépù wọn gígùn àti fífẹ̀ wọn. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.