Ẹ jọ̀ọ́, software wo ni kí n fi kó hard drive mi sórí SSD tuntun?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe ìṣirò owó fún àwọn oníbàárà mi ti ń falẹ̀ jù. Bí mo bá tàn án, mo lè lọ wẹ̀ kí n sì padà dé kó tó ṣetán. Hard drive 1 TB ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti ra SSD 500 GB, irú drive tó yára jù ú lọ, tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ kò ju nǹkan bíi 310 GB lọ.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ gbé Windows tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ni software ìṣirò tí mò ń lò. Fáìlì tí wọ́n fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kógbá sílé. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn màmá mi tí mo gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde láyé wà níbẹ̀, kò sì sí níbòmíràn.

Ẹnì kan ní kí n wá Ghost. Ẹlòmíràn ní Clonezilla ni. Ẹnì kẹta ní Macrium. Èwo ni kí n mú nínú wọn?

Ọmọ Ẹ̀rọ

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ fi ti Ghost sílẹ̀. Láti 2013 ni Symantec ti dáwọ́ títa Norton Ghost dúró.

Macrium Reflect Free ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni wọ́n ti pa ti ọ̀fẹ́ yẹn tì. Eléyìí tó kù, owó ni, ẹ sì lè fi 30 ọjọ́ dán an wò. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára SSD yín náà. Bó bá jẹ́ Samsung, Samsung Magician lè ṣe clone, ìyẹn àdàkọ gbogbo drive, fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Crucial àti Western Digital ní Acronis tí wọ́n ń fún àwọn tó bá ra drive wọn. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rí drive ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ lára kọ̀ǹpútà kó tó dáhùn. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, Hasleo Backup Suite Free ni èmi máa mú. Inú Windows ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lè kó drive ńlá sórí kékeré níwọ̀n ìgbà tí ohun tó wà lórí rẹ̀ bá ti gba ibẹ̀.

Àgbà Linux

Ẹni tó ní Clonezilla kò ṣì yín lọ́nà, Ìyá Ìbejì. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, orí flash lẹ ti máa ń gbé e dìde, kò sì fọwọ́ kan Windows yín rárá nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Taiwan ni wọ́n ti ṣe é, ó sì pẹ́ tí mo ti ń fi ṣiṣẹ́. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ yìí náà ló ń sọ fún yín pé kò bá ọ̀rọ̀ yín mu. Bó ṣe wà, kì í gbà kí drive tí ẹ ń kó nǹkan sí kéré sí èyí tí ẹ ń kó nǹkan kúrò lórí rẹ̀. Tiyín jẹ́ 1 TB lọ sí 500 GB. Ọ̀nà wà láti yí i, ẹ ó kọ́kọ́ dín partition (ìpín orí drive) kù, ẹ ó sì lọ yan àwọn nǹkan kan lójú ewé àwọn ọ̀gá. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ohùn màmá rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Rescuezilla, tó ní ojú ewé tó rọrùn jù ú lọ, kò yọ yín nínú èyí.

Olùkọ́

Ẹ forí jì mí pé mo dá sí i, mà. Nǹkan méjì lẹ pa pọ̀ nínú ìbéèrè yín. Iṣẹ́ clone ni pé kí drive kan di ìkejì, kẹ́ ẹ yọ ti àtijọ́, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, kí iṣẹ́ máa lọ. Ìyẹn tọ́ sí software ìṣirò yín. Ṣùgbọ́n ohùn màmá yín kò fẹ́ clone, backup ló fẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́ lórí SSD, tàbí tí wọ́n bá jí láptọ́ọ̀pù náà lọ, clone tí ẹ ṣe lónìí kò ní wúlò fún yín.

Image ni ẹ máa ṣe fún ìyẹn: gbogbo drive yín á di fáìlì ńlá kan lórí drive ìta, ẹ ó sì lè tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ yìí, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti oṣù tó kọjá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí fáìlì kan bá bàjẹ́ láìmọ̀, ẹ ó lọ mú èyí tó ṣáájú ìbàjẹ́ náà. Àwọn software tí Ọmọ Ẹ̀rọ dárúkọ, Hasleo àti Macrium, ń ṣe méjèèjì. Veeam Agent fún Windows náà ní ti ọ̀fẹ́ tó ń ṣe image dáadáa, àmọ́ kì í ṣe clone.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun gan-an. SSD mi kì í ṣe Samsung, kì í sì í ṣe àwọn méjì yòókù. Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀kan lára àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀fẹ́. Ó gbà mí láyè títí, mo yan drive, mo tẹ gbogbo ohun tó ní kí n tẹ̀. Ìgbà tó ku kó bẹ̀rẹ̀ ló wá ní kí n mú káàdì ìfowópamọ́ wá. Inú bí mi. Ti Hasleo ni mo fẹ́ lọ gbé báyìí.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ dúró ná, mà. Ẹ má tíì ṣe clone kankan.

Ẹ ní ó ń falẹ̀. Ó lè jẹ́ pé hard drive kàn ń falẹ̀ bí gbogbo hard drive ṣe ń falẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń kú lọ. Àwọn méjèèjì kò gba ìtọ́jú kan náà. Iṣẹ́ clone máa ń ka drive fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi, drive tó ti rẹ̀ lè kú sẹ́nu ẹ̀. Ẹ wa CrystalDiskInfo jáde, software tó ń yẹ ìlera drive wò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ sọ àwọ̀ tó wà lókè fún wa, kẹ́ ẹ sì wo ìlà mẹ́ta: 05, C5 àti C6. Ohun tó wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ mọ̀.

Ìyá Ìbejì

Àwọ̀ ìyeyè ni, ó kọ Caution. 05 jẹ́ òdo lásán. C5 kọ 0000000000A8. C6 náà kọ bẹ́ẹ̀. Kí ni A ń ṣe láàárín nọ́ńbà?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ nọ́ńbà nìyẹn, láti 0 dé 9, lẹ́yìn náà A dé F. A8 jẹ́ 168. Ìtumọ̀ C5 ni pé ibi 168 wà lórí drive yín tí ó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, kò sì tíì pinnu ohun tó máa ṣe nípa wọn. Bó bá kàn jẹ́ pé ó ń falẹ̀ ni, òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ software wo ló dára jù ti di ẹ̀yìn báyìí, mà. Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Ohùn màmá yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kó, fáìlì lásán, sórí flash kan. Ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì náà bó bá ṣeé ṣe. Kẹ́ ẹ tẹ̀ wọ́n lórí flash náà, kẹ́ ẹ gbọ́ wọn dé òpin, torí fáìlì lè wà níbẹ̀ kí ó má dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wá sọ̀rọ̀ clone.

Aláàánú

Ẹ ṣe chkdsk /r lórí rẹ̀, mà, á tún àwọn ibi tó bàjẹ́ ṣe.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, mà. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ire lẹ ń rò fún wọn, ṣùgbọ́n chkdsk /r máa ka gbogbo drive láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì máa kọ nǹkan sórí rẹ̀. Drive tó ń ṣàìsàn kò lágbára ìyẹn. Orí àdàkọ ni wọ́n ti ń ṣe chkdsk. Lórí ojúlówó tó ń kú lọ kọ́.

Ìyá Ìbejì

Ohùn màmá ti wà lórí flash, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìwé àwọn oníbàárà ti jáde, àfi fídíò kan tí kò gbà, ìyẹn kò dùn mí. Hasleo bẹ̀rẹ̀, ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó ní òun ò lè ka ibì kan. Mo ti yá drive ìta 2 TB lọ́wọ́ àbúrò mi, òfìfo ni. Kí ló kàn?

Àgbà Linux

Ó kan tiwa. GNU ddrescue ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Clone lásán bá ibi tó bàjẹ́, á takú síbẹ̀. Ddrescue á fò ó, á lọ kó gbogbo ibi tó dára ná, lẹ́yìn náà á padà wá jà fún àwọn tó kù. Ó sì ní fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní mapfile, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo ibi tó ti dé sí. Bí iná bá lọ tàbí tí drive bá gbóná tí ẹ ní láti dá a dúró, ibi tó dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé SystemRescue, Linux tí ddrescue wà nínú rẹ̀, sórí flash mìíràn, kì í ṣe èyí tí ohùn màmá wà lórí rẹ̀. Ẹ fi gbé kọ̀ǹpútà dìde. Ẹ kọ lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, á to àwọn drive yín pẹ̀lú orúkọ bíi sda àti sdb. Ẹ má wo sda tàbí sdb nìkan, àwọn lẹ́tà yẹn lè yí padà bí ẹ bá ti tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ wo ìwọ̀n, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára drive gan-an, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Ká ní ti àtijọ́ ni sda, tí ti àbúrò yín jẹ́ sdb, ohun tí ẹ máa kọ nìyí:

ddrescue -f -n /dev/sda /dev/sdb /mnt/flash/map.log

Èyí tí ẹ ń kó kúrò ló ń ṣáájú, èyí tí ẹ ń kó sí ló ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yí wọn padà, òfìfo inú ti àbúrò yín ló máa bo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá yín rí i padà. Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ tó tẹ Enter. Flash tí kì í ṣe ti ohùn màmá, tí ẹ ti mount (so mọ́ fóldà) sí /mnt/flash, ni mapfile máa wà. Bó bá parí, ẹ yọ -n, ẹ fi -d -r3 sí i, ẹ lo mapfile kan náà, á tún gbìyànjú àwọn ibi tó le.

Ọmọ Ẹ̀rọ

Mà, ẹ wo BitLocker náà, ìyẹn ohun tí Windows fi ń ti drive pa, kẹ́ ẹ tó pa Windows. Bó bá wà ní títàn, ẹ wá nọ́ńbà gígùn onídígíìtì 48 tí wọ́n fi ń ṣí i nínú àkáǹtì Microsoft yín, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn.

Ìyá Ìbejì

BitLocker kò sí. Mo bẹ̀rẹ̀ ddrescue ní alẹ́, ó ṣì ń ṣe é ní òwúrọ̀. Níbi tó dé yìí ó kọ 99.99%, ó sì ń jà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kù.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ó dára púpọ̀. Bó bá tán, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ drive àtijọ́ kúrò, kó má padà sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ so ti àbúrò yín mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní Windows, ẹ ṣe chkdsk /f lórí àdàkọ yẹn. Níbẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti fi Hasleo ṣe clone láti orí 2 TB sórí SSD. Ìgbà yìí kò ní bá ibi tó bàjẹ́, á kàn dín partition kù fúnra rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ ṣe gbogbo partition, àwọn kékeré tí kò ní lẹ́tà náà, torí inú ọ̀kan nínú wọn ni ohun tó ń gbé Windows dìde wà. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fẹ́ tan láptọ́ọ̀pù, SSD nìkan ni kó wà lára rẹ̀. Bí Windows bá rí drive méjì tó ní àmì ìdánimọ̀ kan náà, ó máa ń pa ọ̀kan tì.

Ìyá Ìbejì

Ó dìde! Software ìṣirò ṣí, gbogbo oníbàárà mi wà níbẹ̀. Mo wo ìṣirò ọdún tó kọjá, ó pé. Ẹ̀yin ará ilé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

Mo fẹ́ ra drive ìta tèmi kí n máa ṣe image bí Olùkọ́ ṣe wí. Ṣé kí n kàn fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, kó máa ṣe ara rẹ̀?

Olùkọ́

Rárá o, mà. Ohun tó bá lè ba fáìlì yín jẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà, irú àwọn kòkòrò tó máa ń ti fáìlì pa kí wọ́n tó béèrè owó, á ba ti drive ìta náà jẹ́ bó bá wà lára rẹ̀. Ẹ so ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe image, kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí Hasleo ṣe flash ìgbàlà fún yín lónìí, kẹ́ ẹ fi gbé kọ̀ǹpútà dìde lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó rí drive ìta yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ mú fáìlì kan jáde láti inú image, kẹ́ ẹ ṣí i.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Drive àtijọ́ náà, ẹ má tíì jù ú nù, mà. Ìwé oníbàárà wà lórí rẹ̀. Bí oṣù kan bá kọjá tí ohunkóhun kò sọnù, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu inú rẹ̀ fọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ti àbúrò yín náà, ẹ nù ún pátápátá kẹ́ ẹ tó dá a padà. Format kíákíá kò tó.