Bí A Ṣe Pààrọ̀ Táńkì àti Páìpù Epo Ọkọ̀ 911 Bàbá Mi

Ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 tí bàbá mi fi ń kó pákó láti Oǹdó wá sí Bódìjà ní Ìbàdàn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi títí di òní. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnì OM 352 onísílíńdà mẹ́fà tó bá a wá náà ló sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa dúró lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnì yẹn ni gbogbo ènìyàn di ẹ̀bi rù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àìsàn náà wà. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe rí i àti bí a ṣe tún un ṣe, nítorí ó ń dùn mí tí mo bá rí àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n ń náwó lórí ohun tí kò bàjẹ́.

Bí ọkọ̀ bá ṣófo, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti di pákó lé e, tí ó sì ń gun òkè lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ifẹ̀, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ìró rẹ̀ á máa ròkè, á máa rodò, lẹ́yìn náà á kú pátápátá. Mọ́tòbọ́ì á bọ́ sílẹ̀, á fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn, á fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù kékeré tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú táńkì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù ńlá, ọkọ̀ á tún jí, á rìn díẹ̀, á tún kú. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní àfi kí àwọn tú pọ́ǹpù ńlá tó ń pín dísẹ́ẹ̀lì fún àwọn nọ́sù tó ń fín in sínú ẹ́ńjìnì, owó tí wọ́n sì pè kò kéré rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó.

Bàbá mẹ́káníìkì kan, tó ti ń tún 911 ṣe láti ìgbà tí bàbá mi wà láyé, ni mo gbé e lọ bá. Wọ́n fetí sí i, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pọ́ǹpù yẹn. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mu." Wọ́n mú hóòsì kan tó mọ́ gaara, èyí tí ojú lè là kọjá, wọ́n fi í sí àárín páìpù tó ti inú táńkì wá àti pọ́ǹpù kékeré, wọ́n sì ní kí n sítáàtì ọkọ̀. Àwa méjèèjì la jọ rí i: afẹ́fẹ́ ń hó bọ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì, ó ń tò wọlé léraléra. Láti inú táńkì dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù kékeré, ńṣe ni pọ́ǹpù ń fa dísẹ́ẹ̀lì, kì í tì í. Bí ihò bá wà lára páìpù ní apá ibẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì kò ní kán sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń wá ibi tí epo ti ń jò lábẹ́ ọkọ̀ fi lè wá a títí kó má rí nǹkan kan. Nígbà tí ẹrù bá sì wà, tí ẹ́ńjìnì ń béèrè dísẹ́ẹ̀lì púpọ̀, fífà yẹn á le sí i, afẹ́fẹ́ á sì pọ̀ sí i.

Nígbà tí a tú táńkì sílẹ̀ tí a sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú agbada, omi ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpáàrà tó ti ṣí bí èépá, pẹ̀lú ìdọ̀tí dúdú kan tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Táńkì tí kì í kún ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú. Bí ilẹ̀ bá tutù lóru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà á di omi sára irin, á sì ṣàn sísàlẹ̀, nítorí omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí tí yóò máa jẹ irin. Ìdọ̀tí dúdú yẹn, àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á; àárín omi àti dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbé tí wọ́n sì ń bí sí i. Ẹ rántí pé àlàfo tó wà láàárín irin méjì tó ń gún dísẹ́ẹ̀lì nínú pọ́ǹpù ńlá kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan. Ìpáàrà díẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fílítà kọjá tó láti ba pọ́ǹpù olówó ńlá jẹ́.

Wẹ́dà kan tó wà nítòsí ní òun lè lẹ ibi tó ti lu lára táńkì náà kíákíá. A kò gbà fún un. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni. Dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè gbaná bíi bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n bí iná wẹ́dà bá mú irin gbóná, ohun tó kù lára ògiri táńkì á di ooru, ooru náà á pò mọ́ afẹ́fẹ́, ó sì lè bú gbàmù. Táńkì tí a ti fi omi fọ̀ pàápàá ṣì ní dísẹ́ẹ̀lì nínú ìpáàrà rẹ̀ àti nínú ojú ibi tí wọ́n ti so irin pọ̀. Yàtọ̀ sí ewu yẹn, irin tó ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yóò tún lu ní ibòmíràn.

A dé ọjà Àràròmí ní Gate láti wá tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a rí kò sàn ju èyí tí a tú sílẹ̀ lọ: bí a bá ti tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú wọn, ìpáàrà la ń rí. A pinnu láti ṣe tuntun. Ẹni tó fẹ́ ṣe é mú páànù tí wọ́n fi síǹkì bò wá, ó ní kò ní dógùn-ún láéláé. Bàbá mẹ́káníìkì dá a padà lójú ẹsẹ̀, inú mi sì dùn sí i, nítorí síǹkì máa ń bá dísẹ́ẹ̀lì jà, ohun tó bá sì ti ara ìjà náà jáde ni yóò máa dí fílítà àti nọ́sù. Irin dúdú lásán ni a lò, ọ̀dà sì wà ní ìta rẹ̀ nìkan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, ìbú rẹ̀ 40, gíga rẹ̀ 40, èyí tó fún wa ní lítà 128. A fi irin olójú ihò dá inú rẹ̀ sí yàrá, kí dísẹ́ẹ̀lì má baà máa rọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì tàbí tó yí kọ́nà. A jẹ́ kí ẹnu páìpù tó ń fà á ga díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, kí omi àti ìdọ̀tí lè ní ibi tí wọn yóò jókòó sí, a sì fi bóòtù sí ìsàlẹ̀ pátápátá tí a lè máa tú láti da omi náà nù. Ìdérí rẹ̀ ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ihò yẹn bá dí, táńkì á fún mọ́ra, dísẹ́ẹ̀lì kò sì ní wá mọ́.

Àwọn kan gbà wá níyànjú pé táńkì tuntun ti tó, kí a dá páìpù àtijọ́ padà. Mo fi ayùn irin la ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà sí méjì. Ìta rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìpáàrà ti fún inú rẹ̀ pa débi pé ihò rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, àti ní ibi tí kílíìpù ti dì í mọ́ ṣáàsì, ó ti lu. Gbogbo rẹ̀ ni a pààrọ̀, títí kan èyí tó ń dá dísẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù padà sínú táńkì. Irin ni a lò dípò bàbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, torí bàbà náà máa ń mú kí dísẹ́ẹ̀lì tètè bàjẹ́. A jẹ́ kí ó jìnnà sí sàléńsà, a sì fi kílíìpù dì í ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan kó má baà máa gbọ̀n. Láàárín ṣáàsì àti ẹ́ńjìnì, hóòsì ló gbọ́dọ̀ wà, nítorí ẹ́ńjìnì ń mì; hóòsì tí wọ́n ṣe fún dísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ béèrè, torí èyí tí wọ́n ṣe fún omi yóò wú, yóò sì rọ̀. A yọ hóòsì tó mọ́ gaara kúrò, iṣẹ́ àyẹ̀wò nìkan ló wà fún. Wásà gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀ jẹ́ tuntun.

Géèjì tó ń fi iye dísẹ́ẹ̀lì inú táńkì hàn kò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Rọ́bà tí a tẹ́ sábẹ́ táńkì kò jẹ́ kí irin rẹ̀ kan ṣáàsì, nítorí náà iná bátìrì kò rí ọ̀nà padà. Rẹwáyà fi wáyà kan so táńkì mọ́ ṣáàsì, géèjì sì dìde.

Kí ọkọ̀ tó lè jí, a ní láti lé afẹ́fẹ́ kúrò. A tú bóòtù kékeré tó wà lórí fílítà, a ń fa pọ́ǹpù ọwọ́ títí dísẹ́ẹ̀lì fi jáde láìsí ìfófòó, a dì í, a ṣe bákan náà lára pọ́ǹpù ńlá, lẹ́yìn náà a dẹ nọ́ọ̀tù ẹnu àwọn nọ́sù díẹ̀ kí kíìkì sítátà tó yí ẹ́ńjìnì. Níbi iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ síwájú páìpù nọ́sù: dísẹ́ẹ̀lì tó ń tú jáde níbẹ̀ lágbára láti gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn sì ni ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ sáré lọ, bí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Ọkọ̀ náà ti ń gbé pákó gun àwọn òkè yẹn láìkú. Lẹ́yìn tí ó kó ẹrù àkọ́kọ́, a tú fílítà méjèèjì, a rí ìpáàrà wínníwínní tó ṣẹ́kù sára pọ́ǹpù kékeré àti ilé fílítà, a sì fi tuntun sí i. Pọ́ǹpù ńlá tí wọ́n fẹ́ tú, a kò tíì fi sípánà kàn án.