Cendol, ohun mímu tútù dídùn tí wọ́n ń fi oje àgbọn ṣe: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mu ún rí, ẹ wá sọ tiyín

Tèmi, Penang ni, ní Málésíà. Òòrùn ọ̀sán ìlú George Town níbẹ̀ yẹn kì í ṣeré rárá, ìyẹn lèmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà níléèwé fi yà sí Lebuh Keng Kwee, àdúgbò tóóró kan tó ya lára Penang Road, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta á láti 1936, èrò pọ̀ débi pé orí ìdúró la ti mu ún. Áìsì tí wọ́n fi ẹ̀rọ fá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀wà pupa, àwọn nǹkan tín-ín-rín aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, oje àgbọn, wọ́n á wá da gula melaka, ìyẹn ṣúgà àgbọn, lé e. Ẹ gbọ́, gula melaka yẹn ló ni cendol o! Bí adẹ́mu tiwa ṣe ń gun ọ̀pẹ làwọn náà ń gun igi àgbọn, wọ́n á gé ìdí òdòdó ẹ̀, wọ́n á gbe omi tó ń kán níbẹ̀, wọ́n á sè é títí á fi ki táá pọ́n. Iyọ̀ díẹ̀ ti wà nínú oje àgbọn yẹn, tí méjèèjì bá pàdé lẹ́nu, háà! Ẹni tó bá ń fi ṣúgà lásán ṣe é, ẹ má rà á, mo bẹ̀ yín.

Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Èmi, Java ni, ní Indonéṣíà, dawet ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọmọ ìyá tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, mo bá wọn wà ní kíṣìn, wọ́n ro ìyẹ̀fun ìrẹsì pẹ̀lú omi ewé pandan, ewé kan tó ń ta sánsán, wọ́n dà á sínú ajere nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń já bọ́ sínú omi tútù, ibẹ̀ ló ti ń dì. Nígbà tó ku ọ̀la, mama ìyàwó jókòó, wọ́n ń bu dawet tà fáwọn àlejò, bàbá ìyàwó di agbòòrùn mú lé wọn lórí, owó tá a sì fi ń rà á kì í ṣe owó gidi, àpáàdì kéékèèké ni. Èmi náà san àpáàdì tèmi, mo kúnlẹ̀ gbà á, inú mama dùn gan-an.

Sístà, ṣé ẹ dé Purworejo ní Java níbẹ̀? Dúdú ni tiwọn níbẹ̀, eérú pòròpórò ìrẹsì ni wọ́n fi ń pa á láró, mo sì mu ún tán pátápátá kí n tó bèèrè ohun tó sọ ọ́ dúdú.