Ìwé mẹ́ta tí mo kà sétí Màámi

Ọmọ Òṣómàáló:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìkìlọ̀ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀: màá tú àṣírí méjì nínú àwọn ìwé yìí. Ẹni tí kò bá tíì kà wọ́n, tí kò sì fẹ́ kí n ba adùn wọn jẹ́ fún òun, kó yáa fo tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màámi. Dókítà ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ gbẹ́rù, kò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín. Obìnrin tó ti ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, wọ́n wá ní kó jókòó sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo forí lé Iléṣà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, rédíò ti sú u, àwọn tó ń wá kí i ti sú u, èmi gan-an ti ń sú u. Alẹ́ ọjọ́ náà kò síná, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín. Ló bá ní, "Kí ló wà níbẹ̀ tí ò ń dá jẹ?"

*My Sister, the Serial Killer* ni, ìwé tí Oyinkan Braithwaite gbé jáde ní 2018. Òyìnbó tí Màámi gbọ́ kò ju èyí tó fi ń bá oníbàárà nájà lọ. Mo ní kò burú, màá máa kà á sínú, màá máa sọ ọ́ síta ní Yorùbá. Orí àkọlé ni mo ti kọ́kọ́ há. Kí là ń pe "sister"? Ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Òyìnbó ò bi ẹ́ ní ìbéèrè yẹn. Yorùbá ò ní jẹ́ kó o kọjá láìdáhùn. Mo ronú díẹ̀, mo ní, "Àbúrò mi tó ń pààyàn."

Màámi gbórí sókè. "Ẹ̀gbọ́n ló ń ròyìn nígbà náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Háà. Ó ti gbé."

A ò tíì ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ o.

Mo ti ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ̀fẹ̀ ni mo sì kà á sí. Nọ́ọ̀sì ni Kóredé ní Èkó, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ayọ̀ọlá, àbúrò ẹ̀ tó rẹwà bí egbin, á pè é lórí fóònù pé òun tún ti pa ọkùnrin kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn. Kóredé á gbé jíìkì, á wọ ìbọ̀wọ́, á fọ balùwẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi tán, wọ́n á wá gbé òkú lọ jù sómi láti orí afárá Third Mainland. Ẹ̀rín pa mí nígbà yẹn. Létí Màámi, ìtàn àkọ́bí ni. Òun fúnra ẹ̀ ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́jọ. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló dé tí Ayọ̀ọlá fi ń pààyàn. Ohun tó ń bi mí ṣáá ni, "Ìyá wọn ńkọ́?" Nígbà tá a débi tí ọ̀rọ̀ bàbá wọn ti jáde, bó ṣe ń lù wọ́n bí ẹni lu bàrà, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n ṣì dúró ná, òun fẹ́ mu omi.

Èmi ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú ìwé yẹn: Tádé, dókítà tí Kóredé ń fojú sí lára. Àfi bí àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ọkùnrin tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, ó rí Ayọ̀ọlá lẹ́ẹ̀kan, orí ẹ̀ dà rú. Màámi ní kí n lọ jókòó. "Ọkùnrin tó rí ẹwà tí kò rí nǹkan mìíràn mọ́, tuntun ni?" Ohun tá a jọ fẹnu kò lé lórí ni pé ó dùn-ún kà. Àwọn orí ẹ̀ kúrú, ò ń jù wọ́n sẹ́nu bí ẹ̀pà. "Ó ku ẹyọ kan" ló ń wí títí aago méjìlá fi lù.

Ìwé kejì le ju ìyẹn lọ. *Stay With Me*, tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, ó jáde ní 2017. Mo ní, "Àkọlé ẹ̀ ni Dúró Tì Mí." Màámi ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. "Rótìmí. Àbíkú ni."

Ẹ wò ó, ìgbà tí mo ka ìwé yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo rò pé aya ló ń bẹ ọkọ pé kó má lọ. Mo ti kà á jìnnà kó tó yé mi pé ọmọ la ń bẹ̀. Ẹni tí kò mú ìwé náà lọ́wọ́ rí ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Iléṣà ni ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀, láti ayé ìfipágbàjọba Babangida ní 1985, ó sì dé ìgbà rògbòdìyàn ìdìbò 1993. Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, kò bímọ, àwọn ará ilé Akin, ọkọ ẹ̀, wá gbé Fúnmi wọlé tì í. Àtìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀ ni Màámi ti ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Ibi tí àwọn olè ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò pé àwọn ń bọ̀, mo rò pé àsọdùn ni. Ó ní àsọdùn kẹ̀? Ó ka orúkọ àdúgbò mẹ́ta fún mi tí wọ́n ti kọ irú ẹ̀ láyé ìgbà yẹn.

A wá dé orí òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á mọ ibẹ̀. Wòlíì ní kí Yéjídé gbé ewúrẹ́ funfun gun òkè, Yéjídé sì fún ewúrẹ́ náà lọ́mú. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń túmọ̀ ẹ̀. Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Àgbò ni tèmi," ni Màámi wí. "Funfun báláú. Owó ẹ̀yáwó ni mo fi rà á."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni àkọ́bí obìnrin yìí, ọdún kẹfà tó wọlé ọkọ ló bí mi, n ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbò rí láyé mi. Mo dákẹ́. Mo fẹ́ bi í pé òkè wo, wòlíì wo, ta ló bá a gbé e. Ó fọwọ́ tọ́ka ìwé: "Kà á."

Mo kà á. Nígbà tá a dé orí ìyá Akin, tí mo ti kórìíra láti ọjọ́ tó pẹ́, Màámi ní kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tá a dé orí àwọn ọmọ tí fòníkú-fọ̀ladìde ń mú lọ, kò sọ nǹkan kan. Akin ni a kò gbà lórí ẹ̀ títí dòní. Ọkùnrin tó mọ̀ pé ara òun ni kò ṣiṣẹ́, tó wá lọ bẹ àbúrò ẹ̀ pé kó bá òun wọlé tọ ìyàwó òun! Èrò tèmi ni pé òǹkọ̀wé ṣe ojú rere sí i jù. Ó fún un láyè láti máa ròyìn fúnra ẹ̀, tí èèyàn bá sì ti ń fẹnu ara ẹ̀ ròyìn, àánú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni Màámi fi dáhùn: "Ìtìjú."

Ìkẹta, a kò parí ẹ̀. *A Spell of Good Things*, òǹkọ̀wé kan náà, 2023, ó wà lára ìwé mẹ́tàlá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà fún ẹ̀bùn Booker lọ́dún yẹn. Ilé méjì ni: ilé Ẹniọlá, tí wọ́n dá bàbá ẹ̀ dúró níbi tó ti ń kọ́ni ní ìtàn, tó wá dùbúlẹ̀ kọjú sógiri, àti ilé Wúràọlá, dókítà, ọmọ olówó. Ilé Ẹniọlá dùn mí wọra, pàápàá ẹgba owó ilé ìwé tí wọ́n ń nà án. Ó jọ mí lójú pé àwọn ilé méjèèjì pẹ́ kí wọ́n tó pàdé. Ẹ dákun, èyí ló jáde kẹ́yìn nínú wọn, n kò ní sọ ibi tó parí sí. Ibi tí Kúnlé, àfẹ́sọ́nà Wúràọlá, ti kọ́kọ́ gbá a létí ni Màámi ti ní kí n pa ìwé dé.

"Mo mọ ibi tó ń lọ."

Mo ní ẹ jẹ́ ká gbọ́ ná. Ó dárúkọ obìnrin kan nínú ẹbí wa, tí n kò ní kọ síbí. Ó ní kí n pa tọ́ọ̀ṣì.

Ta ló tún ti ní irú ẹ̀ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Ará Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìtọ́jú Màámi o, Ọlọ́run á jẹ́ kójú ọ̀hún jinná. Èmi ò kàwé fún ẹnikẹ́ni ní tèmi, àwọn èèyàn ló ń kà á léjìká mi. Nínú ọkọ̀ máíkírà ni, mo ń ka *The Secret Lives of Baba Segi's Wives*, ti Lola Shoneyin, 2010. Ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i rà. Ìyá tó jókòó tì mí wo ẹ̀yìn ìwé, ó ní, "Bàbá Sẹ̀gi? Èwo nínú wọn? Èyí tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa?"

Mo rẹ́rìn-ín dé Ìwó Road. Ilé ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tèmi ní. Gbogbo èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ìwé yẹn, orí Bọ́lánlé, ìyàwó kẹrin tó kàwé, ni wọ́n ń dúró sí, àti àṣírí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú ilé tó jẹ́ ti baálé. Ìyá Tọ́pẹ́ ló mú mi. Bàbá ẹ̀ ló fà á fún Bàbá Sẹ̀gi torí oko tí kò ṣe dáadáa lọ́dún yẹn. Bí ẹni fi iṣu dípò owó! Ìyá mi ni ìyàwó kejì. N kò tíì bi í bó ṣe dé ilé bàbá mi. Mo ti dé ilẹ̀kùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àdùnní Peckham:

Tèmi kò tó nǹkan. Ìlú Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá tí mo gbọ́ ti inú ilé ni, ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ń ka ìwé kẹta yẹn nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n fi àmì sórí orúkọ àwọn èèyàn inú ẹ̀, mo wá ń pè wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti dán an wò: Ẹ-ni-ọ-lá. Bàbá àgbà kan tó jókòó lódì kejì ní, "Ó gún, ọmọ mi." N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo sọ̀kalẹ̀ kí n tó rántí kúnlẹ̀ kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibo ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ sí nínú èrò yẹn?

Bàbá Oníwèé:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣe dáadáa, àmọ́ inú ń bí mi. Ẹ fi Fágúnwà sílẹ̀, ẹ fi Ọládẹ̀jọ Òkédìjí sílẹ̀, ẹ wá ń fi ọwọ́ ara yín túmọ̀ ìwé tí ọmọ Yorùbá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún ìyá Yorùbá. Ẹ ò rí i pé wàhálà ọ̀fẹ́ ni?

Ọmọ Òṣómàáló:

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbé *Àjà Ló Lẹrù* ti Òkédìjí fún Màámi lọ́sẹ̀ kejì, èyí tó jáde ní 1969. Ó ní òun ti mọ ohun tí Lápàdé inú ẹ̀ máa ṣe kí n tó ṣí i, òun ti kà á lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá òun, kí n gbé ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí wá. Inú mi ì bá dùn bí èyí tó wà níta nísinsìnyí ní Yorùbá bá pọ̀ tó láti fi kún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ibẹ̀ lẹ ti borí mi.

Ará Mọ́kọ́lá, lọ bi ìyá ẹ. Lọ́sàn-án ni kó o lọ, kó o sì mú nǹkan dání.

Ojú Màámi ti dá, ó ti padà sọ́jà. Ó pè mí lánàá, ariwo ọjà pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kò béèrè àlàáfíà mi, kò béèrè ti àwọn ọmọ.

"Kúnlé yẹn," ló wí. "Ṣé wọ́n rí i mú?"

Mo ní kó jẹ́ kí n délé lópin ọ̀sẹ̀. Ìwé náà ti wà nínú báàgì mi.