Bacula: status client ń dáhùn, ṣùgbọ́n backup kò wọlé

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Bacula la fi ń ṣe backup (ẹ̀dà fáìlì fún ìpamọ́) ní ọ́fíìsì wa. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, Windows ló pọ̀ jù nínú wọn. Director (olùdarí iṣẹ́), Storage Daemon (tó ń kó backup pamọ́) àti Catalog (àkọsílẹ̀ ohun tí a ti kó pamọ́, nínú PostgreSQL) wà lórí sávà Debian (Linux) kan. File Daemon, tó ń ka fáìlì ránṣẹ́, wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà. Bí mo bá tẹ status client nínú bconsole (ibi tí a ti ń pàṣẹ fún Bacula), wọ́n ń dáhùn. Bí mo bá wá ní kí backup bẹ̀rẹ̀, yóò dúró pẹ́, yóò sì kọ ọ́ síta pé: "Could not connect to Storage daemon on localhost:9103". Backup sávà fúnra rẹ̀ nìkan ló ń wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Páásíwọ́ọ̀dù ni. Èyí tó wà lábẹ́ Client nínú bacula-dir.conf gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lábẹ́ Director nínú bacula-fd.conf mu.

Bàbá Sávà: Páásíwọ́ọ̀dù kọ́ o. Bó bá jẹ́ òun ni, status client kò ní dáhùn rárá. Àbúrò, tún ọ̀rọ̀ tí o kọ síbí kà: localhost. Director dà bí alága ìjókòó níbi ìnáwó, ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í gbé abọ́. Fáìlì kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ńṣe ló máa ń sọ fún File Daemon pé "gbé ẹrù rẹ lọ bá Storage ní àdírẹ́sì báyìí," File Daemon yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Tí o bá wá kọ localhost, ara rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń wá Storage sí. Ìdí nìyẹn tí ti sávà fi ń wọlé.

Wá Address lábẹ́ Storage nínú bacula-dir.conf, kí o fi IP sávà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo SDAddress nínú bacula-sd.conf: 127.0.0.1, ìyẹn localhost kan náà, ni Debian máa ń kọ síbẹ̀. Yí òun náà padà, kí o sì ṣí port 9103 ní fáyáwọ́ọ̀lù sávà. Kí o tó tún Director tan, fi bacula-dir -t yẹ fáìlì rẹ̀ wò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an sà! 127.0.0.1 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo wọn wọlé lọ́sàn-án yìí. Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó dá ṣiṣẹ́ lóru kò rí kọ̀ǹpútà kankan.

Ìyá Ìbejì: Ta ló wà ní ọ́fíìsì lóru? 23:05 ni aago tí Bacula gbé wá nínú Schedule (ètò àkókò iṣẹ́), ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ lóṣù sì ni Full (ẹ̀dà gbogbo fáìlì). Ẹ ti tan ẹ̀rọ pa nígbà yẹn. Fi Incremental (ẹ̀dà ohun tó yí padà nìkan) sí 13:00, kí Full bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Ti Catalog ní tirẹ̀ lè dúró sí alẹ́ bí sávà bá ń sùn pẹ̀lú iná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èmi ṣì rò pé Bacula ti pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà mẹ́fà. rsync, tó kàn ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, ti tó.

Bàbá Sávà: Fún Linux nìkan, bóyá. Àbúrò, ṣe ẹ̀dà /etc/bacula àti àwọn fáìlì bootstrap (tó ń sọ ibi tí backup wà) sórí dísíìkì tí kò sí lára sávà yẹn. Bí Catalog bá bàjẹ́, bscan, irinṣẹ́ Bacula, lè tún un kọ láti inú volume (ibi tí Storage ń kọ backup sí), àmọ́ wàá jókòó tì í pẹ́. Kí o sì restore (dá padà láti inú backup) fódà kan lónìí sí ibòmíràn, má ṣe é lé orí fáìlì tó wà nílẹ̀. Sọ ohun tó jáde fún wa.